Kéèkì Tí Kò Ní Èérún

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ náà ni Ìsípẹ́kítọ̀ Adéróunmú ní kí n gé kéèkì tó pa á.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Kí n gé kí ni, Màdáàmù?"

"Kéèkì, Sàlàkọ́. Ọ̀bẹ nìyẹn. Gé e."

Ẹ má bínú o, èmi Sájẹ́ǹtì Sàlàkọ́ kì í ṣe ojo. Mo ti bá wọn gbé òkú jáde nínú odò Ògùnpa rí, mo sì jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ tó ti kú sí lórí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Inú páálí ni ó wà lórí tábìlì, áísìn funfun ti gbẹ lé e lórí. Wọ́n fi áísìn pupa kọ orúkọ ọmọ náà sí i. Ibi tí wọ́n ti gé e fún àwọn ọmọdé ti kó "Jẹ́jẹ́" lọ, "lọlá" nìkan ló ṣẹ́kù.

Mo gé e. Ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́, ó jáde wẹ́rẹ́. Mo gbé ègé náà sórí ìwé ìròyìn.

Ọ̀gá mi tẹ̀ ba ìwé ìròyìn náà bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, awò ojú rẹ̀ kì í kúrò létí imú, kì í sì í pariwo. Èmi tí mo ti bá ọ̀gá ọkùnrin mẹ́fà ṣiṣẹ́, òun nìkan ni mo máa ń bẹ̀rù.

"Sàlàkọ́, èérún rẹ̀ dà?"

"Èérún kí ni?"

"Èérún kéèkì. Bí ènìyàn bá gé kéèkì tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀?"

"Màdáàmù, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ẹ̀bà ni àwa ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe."

Kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ẹjọ́ yìí ti dé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní àgọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ọdún 1987 ni, ọdún tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú. Búrẹ́dì wọ́n bí ojú. Àwọn oníkéèkì ń fi àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ dán an wò, wọ́n sì ń ṣépè lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé Adégbénró ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ wọn kò kan òfin ìjọba. Ọmọ wọn, Jẹ́jẹ́lọlá, ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan àlìkámà rárá. Ìlú òyìnbó tí ìyá rẹ̀, Mojí, ti lọ kàwé ni àwọn dókítà ti sọ ọ́ pé ìfun ọmọ náà kò gbà á. Bí ó bá jẹ búrẹ́dì bí òkèlè kan péré, á máa bì, á máa ṣu, á sì rù hangogo. Nítorí náà ọmọ yìí kò jẹ kéèkì rí. Nígbà tí ó fẹ́ pé ọmọ ọdún méje, kò bèèrè bàtà, kò bèèrè bèbí. Kéèkì ló ní òun fẹ́, irú èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ òun ń jẹ, tí wọ́n fi ṣúgà jíjó pa láró, tó ń ta sánsán nọ́tìmẹ́gì, tí áísìn bo gbogbo ara rẹ̀. Mojí wá oníkéèkì tí yóò fi ẹ̀gẹ́ nìkan ṣe é kiri títí, kó tó rí Bọ́sẹ̀ ní Àgbówó.

Ọmọ mẹ́fà ló jẹ kéèkì náà lọ́jọ́ Sátidé. Márùn-ún lọ sílé, wọ́n ń fò káàkiri. Wọn ò tíì kó àwo kúrò nílẹ̀ tí Jẹ́jẹ́lọlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ibà ti gbẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kò lókun tí yóò fi jà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló kú ní ọsibítù.

Ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Adégbénró, ló mú ẹjọ́ wá bá wa. Ó ní Bọ́sẹ̀ ló pa á. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bọ́sẹ̀ ti wà nílé ọkọ tí kò bímọ, Màmá sì ní ojú ìlara ló fi ro ìyẹ̀fun ọmọ ọlọ́mọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọ́kọ́ lọ dúró sí ojúlé Bọ́sẹ̀ ní Àgbówó, ó ti ké e ní gbangba pé, "Àjẹ́ ni! Ó ti jẹ ọmọ mi!" Nígbà tí a fi máa débẹ̀, wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn obìnrin náà, wọ́n ti wó ààrò rẹ̀ palẹ̀. A mú un lọ sí àtìmọ́lé. Ká sòótọ́, àtìmọ́lé ló gbà á lọ́wọ́ ikú.

Àwọn tó ń yẹ májèlé wò ní kò sí májèlé nínú kéèkì náà. Dókítà ní ó jọ àìsàn ọmọ náà àtijọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti búra fún òun pé àlìkámà kò sí níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa ni. Èmi náà gbọ́n lọ́gbọ́n tèmi: ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù nílé Bọ́sẹ̀, mo bù ú fún adìyẹ onílé mi. Adìyẹ jẹ, ó yó, ó yé ẹyin lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá àgbà wa kò fẹ́ gbọ́ ti adìyẹ. Ó ní bó bá fi di ọjọ́ Fúráìdé tí a kò rí nǹkan mìíràn, òun á gbé Bọ́sẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ fún ìpànìyàn. Ọjọ́ Tọ́sìdeè la wà yìí.

*

Bọ́sẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò tó ẹni ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ti sọ ọ́ di arúgbó. Ọ̀gá mi ní kí n gbé àga wá, kó jókòó bí ènìyàn.

"Bọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣe kéèkì yìí kó tó bọ́ sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, Màdáàmù."

"Sọ ti ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ fún mi."

"Àkọ́kọ́ le bí òkúta. Ìkejì rì láàárín. Ìkẹta dùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ọ̀bẹ kàn án ló rún wómúwómú, ó di bí gààrí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

Obìnrin náà gbójú sókè. "Ìkẹrin dìde. Màdáàmù, ó dìde! Mo kúnlẹ̀ síwájú ààrò, mo ní Ọlọ́run, o ṣeun, ọmọ yìí náà á jẹ kéèkì bí ẹgbẹ́ rẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ṣé èmi ni mo pa á lóòótọ́? Mo ti rò ó títí, orí mi fẹ́ dàrú."

Ọ̀gá mi kò dá a lóhùn. Ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn, kì í fi ohun tí kò tíì mọ̀ tu ènìyàn nínú. Ó ní, "Ìyẹ̀fun ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, ta ló rà á?"

"Èmi ni, ní ọjà Bódìjà."

"Ti ìkẹrin?"

"Màmá Adégbénró ló gbé e wá fúnra wọn. Wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn kò ní jẹ ìyẹ̀fun oníyanrìn, pé àwọn mọ Ìyá Olúgbádé ní Dùgbẹ̀, lẹ́bàá ibùdó rélùwéè, tí tirẹ̀ mọ́ jù. Kóńgò mẹ́ta ni wọ́n rà."

"Ǹjẹ́ o wọ̀n ọ́n?"

"Kò sí ohun tí n kì í wọ̀n. Bí mo ṣe gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n, ó fi bíi kọ́ọ̀pù kan àti ààbọ̀ lé."

"Kò sì yà ọ́ lẹ́nu pé ó lé?"

Bọ́sẹ̀ wò ó bí ẹni pé ó bèèrè ìdí tí omi fi ń tutù. "Màdáàmù, èènì ni. Ta ló ń ra ìyẹ̀fun láìgba èènì?"

Ọ̀gá mi gbé bírò sílẹ̀.

"Nígbà tí o fẹ́ ro kéèkì náà, òkè àpò lo ti bu ìyẹ̀fun, àbí o pò ó pọ̀?"

"Òkè ni mo ti bù ú. Kọ́ọ̀pù mẹ́rin. Ìyókù lẹ̀yin ọlọ́pàá kó lọ."

Ìyókù náà ni adìyẹ jẹ. Kò fẹnu kan èyí tó wọ inú kéèkì.

*

Nínú ọkọ̀, mo gbé àbá tèmi kalẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti yé mi: ojú ti Bọ́sẹ̀ pé kéèkì òun ń rún, ló bá fi fùláwà àlìkámà sí i ní bòókẹ́lẹ́, ló wá ń purọ́.

"Níbo ló ti rí fùláwà?" ni ọ̀gá mi bi mí. "A tú ilé rẹ̀ dé abẹ́ ibùsùn. Àgbàdo la rí, ẹ̀gẹ́ la rí. Bí ó bá ní ẹ̀kúnwọ́ fùláwà kan pamọ́, ṣé á jẹ́ kí kéèkì mẹ́ta bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ kó tó lò ó?"

Mo ní, "Àmọ́ fùláwà ló jẹ́ kó dìde?"

"Kí ni ìwọ mọ̀ tó ń so kéèkì pọ̀ tí ọ̀bẹ fi ń gé e láìní èérún? Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bọ́sẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò yí nǹkan kan padà àfi àpò ìyẹ̀fun. Inú àpò yẹn ni nǹkan ọ̀hún bá wọlé, òkè rẹ̀ ló sì wà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! A jẹ́ pé oníyẹ̀fun ló rẹ́ ẹ jẹ."

"Kí ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ máa fi fùláwà lú u, nígbà tí fùláwà wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá? Sàlàkọ́, ronú."

Mo ronú. Òjò ti ṣú bolẹ̀ lójú Mọ́kọ́lá, kò rọ̀, kò sì lọ.

*

Ọ̀gá mi ti wọ bùbá àti ìró, èmi náà ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá, kí a tó dé Dùgbẹ̀. Ìyá Olúgbádé sanra, ó lọ́yàyà, ó ti ń kí wa kí a tó dé ìdí àtẹ rẹ̀. Ọ̀gá mi ra ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kóńgò kan. Obìnrin náà dà á sínú ọ̀rá, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú àpò ẹ̀gẹ́ kan náà, ó fi ṣèènì. Mo ti fẹ́ máa lọ.

Ọ̀gá mi kò mira. "Ìyá, ẹ bá mi ṣe é dáadáa. Kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ ni mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fọ́ lójú àlejò."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ọdún méje."

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wò mí. "Ta ni bàbá yìí?"

"Àbúrò ọkọ mi ni. Kò gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn."

Mo gbà fún Ọlọ́run. Ìyá Olúgbádé bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àtẹ, ó fa korobá kan tí wọ́n fi àpò bò síta. Ó bu kọ́ọ̀pù kan tó kún bámúbámú, ó dà á sórí ìyẹ̀fun wa. Ó tún bu ìdajì lé e.

"Ojúlówó nìyẹn. Ọ̀nà Ìdíìrókò ló gbà wọlé, ẹ má sọ ọ́ síta o. N kì í tà á fún èrò ọjà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kúrò ní ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ bá mi kí olólùfẹ́ mi, ọlọ́jọ́ ìbí."

Funfun bo funfun. Mo tẹjú mọ́ inú ọ̀rá náà, n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣé o," ni ọ̀gá mi wí. "Ṣé ẹ ti ṣoore báyìí fún ẹlòmíràn?"

"Ẹnì kan péré. Màmá àgbà kan láti Bódìjà, kò tíì ju bí ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ọmọ ọdún méje náà ni tiwọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún wọn."

Ọ̀gá mi yíjú sí ọ̀nà rélùwéè. Ó ní, "Ìyá, ẹ fetí sí mi. Láti òní lọ, ohun tí ènìyàn bá rà ni kí ẹ fi ṣèènì fún un. Àwọn ọmọ kan wà tí fùláwà ń pa."

"Fùláwà? Tó ń pani?" Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan. "Háà, ẹ̀yin náà! Ẹ ń ṣeré ni!"

A fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé kí n padà lọ mú un. Ọ̀gá mi ní ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ kà sí i lọ́rùn, pé ó lójú àánú? Ó ní fùláwà ẹ̀yìn odi, iṣẹ́ àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù nìyẹn.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi àgọ́ wa, ó bu ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ó fi omi pò ó, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó yọ́ dànù, kò ku nǹkan kan sí i lọ́wọ́. Ó bu ti òkè, ó ṣe é bákan náà. Omi funfun ń ṣàn lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan kù sí i lọ́wọ́, ó ń fà bí rọ́bà. Ó nà án lójú mi, kò já.

"Òun nìyẹn," ló wí. Kò yangàn. N kò rí i kó yanjú ẹjọ́ kan kí inú rẹ̀ sì bàjẹ́ tó báyẹn rí.

*

Mojí ló ṣílẹ̀kùn fún wa ní Bódìjà. Màmá Adégbénró wà ní pálọ̀, ó jókòó lórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ kò.

"Ẹ ti gbé e lọ kóòtù?" ló kọ́kọ́ bi wá.

Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ kí i. "Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Kí ni ẹ rà ní Dùgbẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni n ó sọ ọ́? Ẹ̀gẹ́ ni! Kóńgò mẹ́ta. Ẹ gbé Bíbélì wá kí n tún búra!"

"Mo gbà yín gbọ́, Màmá. Ohun tí ẹ rà nìyẹn. Kí ni wọ́n fún yín?"

Màmá la ẹnu, ó sì pa á dé. Mo ń wò ó. Mo rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára.

"Èènì," ló wí. "Èènì lásán ni. Ó ní ojúlówó ni, pé kò ní jẹ́ kí kéèkì náà fọ́. Mo ní ẹ̀bùn ni. Díẹ̀ báyìí ni. Kí ni díẹ̀ báyìí fẹ́ ṣe?"

Mojí ti dìde dúró. "Màmá, mo bi yín ní ọsibítù. Dókítà dúró tì wá. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ yín mú, mo ní Màmá, kí ni ẹ rà?"

"O bi mí ní ohun tí mo rà, Mojí. Mo sọ ohun tí mo rà. Èènì kì í ṣe ohun tí a rà. Ta ló ń ka èènì mọ́ ọjà?"

"Ọjọ́ méjì! Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń wá oró ẹ̀gẹ́ lára ọmọ mi!" Ó sáré wọ yàrá lọ. A gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹkún tí ń gún ni láyà.

Màmá kò sunkún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀gá mi. "Ẹ mú mi."

"Kò sí òfin tó de èènì, Màmá. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ wà ní àtìmọ́lé. Mo lè tú u sílẹ̀ nísinsìnyí. Kí ni yóò wá jẹ́ tirẹ̀? Ẹnu yín ló lé e kúrò láàárín ènìyàn. Bí mo bá fi ìwé ọlọ́pàá ọgọ́rùn-ún dá a láre, Àgbówó kò ní gbà."

Màmá fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ó ní kí n bá òun wá bàtà òun.

*

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a dé Àgbówó. Bọ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tẹ̀lé wa, ó so ìró mọ́ra gírígírí. Bí àwọn ará ilé ṣe rí i, ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé. Àwọn yòókù dúró, wọ́n ká apá mọ́yà.

Màmá Adégbénró dúró síwájú ilẹ̀kùn fífọ́ náà. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Ó ní, "Níbí ni mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọbìnrin yìí. Èmi ni mo mú ohun tó pa Jẹ́jẹ́lọlá wálé láti ọjà. Ọwọ́ Bọ́sẹ̀ mọ́."

Obìnrin kan sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n, tí gbogbo wa sì gbọ́, pé àjẹ́ ló ń gba ẹnu màmá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹnì kejì ní òun ti dá abọ́ Bọ́sẹ̀ padà, pé kò sí ohun ọwọ́ rẹ̀ tí yóò kan ẹnu òun mọ́ láéláé. Inú bí mi, mo fẹ́ pariwo mọ́ wọn. Ọ̀gá mi fọwọ́ kàn mí lápá.

Màmá ti yíjú sí Bọ́sẹ̀. "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Bu omi fún mi mu."

Bọ́sẹ̀ wò wá. Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ife omi kan, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ gbé e fún un bí a ti í ṣe fún àgbà. Màmá ti kúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Yéè, Màmá, ẹ dìde! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!"

Màmá gba ife náà lórí ìkúnlẹ̀, ó mu ún láìdánudúró, títí ó fi gbẹ. Ó wá dorí ife náà kodò lójú gbogbo wọn. Ìyá tó fa ọmọ rẹ̀ wọlé ló kọ́kọ́ sọ apá kalẹ̀. Ó kọjá lára wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àfọ́kù ilẹ̀kùn kúrò lójú ọ̀nà.

Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú Màmá, àwọn méjèèjì di ara wọn mú. Mo rò pé yóò bú u, kí n má purọ́, mo fẹ́ kó bú u. Ohun tó bi í léèrè ni mi ò lè gbàgbé.

"Màmá, ṣé ó dùn mọ́ ọn? Kéèkì náà, ṣé ó dùn mọ́ ọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì?"

"Ó dùn mọ́ ọn," ni Màmá wí. "Ó ní kí a gé sí i fún òun. Èmi ni mo gé e."